Àtàǹpàkò Ẹ̀yìn Ọrùn Ọ̀gákọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ Aṣeyín, ẹsẹ̀ kan ló máa wọlé, ìkejì á dúró síta. Kì í ṣe pé yàrá náà dọ̀tí o. Yàtọ̀ sí eruku funfun tó máa ń bà lé gbogbo nǹkan, ó mọ́ tónítóní. Ohun tó ń dá àlejò dúró ni àwọn obìnrin kéékèèké tó tò sórí pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun báláú, tí gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó kọjú séèyàn. Bí ẹ bá kí wọn, ẹ̀yìn ọrùn wọn lẹ máa rí.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ sọ pé òrìṣà ni. Ẹ fara balẹ̀, kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀. Obìnrin kan náà ni gbogbo wọn: Ọ̀gákọ̀, ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfurufú nínú eré kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Aṣeyín ṣì jẹ́ géńdé. Ọkọ̀ náà ṣìnà láàárín àwọn ìràwọ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wá ọ̀nà ilé. Àwọn tó ń ṣe eré ọ̀hún dá a dúró lójijì kí wọ́n tó délé. Ó dun àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wọra débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ náà àti àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pàdé lọ́dọọdún láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han ara wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n o. Àwọn mìíràn ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ bá wọn dé ìpàdé lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí akọ̀wé kóòtù tó ń bá awakọ̀ àjàgbé fa ọ̀rọ̀ nítorí àwọ̀ bàtà ẹnì kan tí kò fìgbà kan wà láyé.

Eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ òòjọ́ Aṣeyín, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ilé ìtọ́jú eyín kan ló ti ń ṣe é, ní yàrá ẹ̀yìn tí aláìsàn kì í dé. Wọ́n á gbé ẹ̀dà ẹnu ẹni tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀ wá fún un, á yọ́ ìda pupa sórí rẹ̀, á to eyín sínú ìda náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá fi oje, omi oníkẹ́míkà tó máa ń le bí eyín, rọ́pò ìda. Ó mọ ẹnu ìdajì àdúgbò láìmọ ojú wọn. Ó máa ń sọ pé òun lè bá èèyàn pàdé lójú pópó kí òun má mọ̀ ọ́n, àfi bó bá rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ìyàwó. Àwọn méjèèjì ló jọ ń wo eré náà nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, wọ́n sì jọ bínú nígbà tó dáwọ́ dúró. Ní ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni wọ́n fi amọ̀ mọ Ọ̀gákọ̀. Ìyàwó po amọ̀, ó mọ ara àti ọrùn. Ọkọ gbẹ́ ojú, imú àti ìka ọwọ́, ó sì tún gbogbo rẹ̀ gbé yẹ̀ wò kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da rọ́bà olómi bò ó. Nígbà tí rọ́bà le, wọ́n là á sí méjì, wọ́n yọ amọ̀ kúrò, ihò tó kù sínú rọ́bà náà ni mọ́ọ̀dù. Oje yòówù kí wọ́n dà sínú rẹ̀, Ọ̀gákọ̀ kan náà ló ń gan jáde, pẹ̀lú gbogbo àléébù tó wà lára amọ̀ àkọ́kọ́.

Àléébù kan sì wà. Ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí irun parí sí, ẹnì kan ti fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ihò kékeré ni, àwọn ìlà ọwọ́ sì hàn nínú rẹ̀ kedere. Ìgbà tí ère àkọ́kọ́ jáde ni wọ́n tó rí i. Aṣeyín wo ọrùn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo mọ ọrùn?" Aránṣọ ní òun ni. Ẹjọ́ bá parí síbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí agbẹjọ́rò, wọ́n ti dá obìnrin lẹ́bi.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Ọ̀gákọ̀ kan tó jáde tí Aṣeyín kì í fi oje tó ki dí ihò ọrùn rẹ̀, tí kì í fi sáńpépà fá a títí á fi dán, tí kì í sì í kùn bó ṣe ń fá a. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Aránṣọ á ní, "Ẹ má bínú, bàbá ọmọ mi," á sì máa bá ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkùnrin tó bá ti rí nǹkan tí àwọn èèyàn ń bá a rẹ́rìn-ín sí, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Aṣeyín gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́. Ó gbé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sókè níwájú gbogbo èèyàn, ó ní kí wọ́n bá òun wo ọwọ́ yìí, pé ó wúwo bí ọmọ odó, pé ohun tó bá bà ló ń bàjẹ́. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó kó gbogbo amọ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í lẹ́nu, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Kò tún fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Aṣọ Ọ̀gákọ̀ ló kù tó ń rán, kóòtù aláwọ̀ eérú tó ní kọ́là gíga, ó sì ń rán an dáadáa débi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń jà du ú. Ọkọ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan kí ló dé tí kò mọ amọ̀ mọ́. Ó ní aṣọ ti tó òun ṣe. Aṣeyín gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lọ jẹun. Orí mi ń gbóná bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àìsàn ló pa Aránṣọ, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn lọ tán, Aṣeyín wọ yàrá iṣẹ́, ó da oje sínú mọ́ọ̀dù, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣáà lè rí nǹkan ṣe. Ère náà gan, ó yọ ọ́, ó yí i padà, ó na ọwọ́ sí sáńpépà bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbà yẹn ló rí àtàǹpàkò náà. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà níbí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Ó ronú kan gbogbo èyí tó ti dí pa láti ọjọ́ yìí wá, tó ti fá dànù tó sì ti fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó wá sunkún lọ́jọ́ náà ju bó ṣe sun ún níbi ìsìnkú lọ.

Bó ṣe di pé ó ń dà á lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò kùn wọ́n lọ́dà mọ́, kò wọ̀ wọ́n láṣọ, kò ya ojú fún ọ̀kan nínú wọn. Ó kàn ń tò wọ́n ni, ó yí ẹ̀yìn ọrùn wọn síta, torí ibẹ̀ ni ohun tó ń wá wà. Láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á fi orí àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà. Ó máa ń wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Á dúró bẹ́ẹ̀, á di ojú, á máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ọ̀sán ló máa ń jẹ́, bó bá wà nílé. Á gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá kejì, bí ẹni ń rán ibi tó gùn tó sì ń dúró díẹ̀ láti yí aṣọ. Ó tiẹ̀ máa ń dá ọ̀rọ̀ sí i kó tó rántí. Bó bá ṣílẹ̀kùn, ìbora ẹ̀rọ ṣì wà lórí rẹ̀, eruku sì wà lórí ìbora. Kì í bà á lẹ́rù. Á fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni mọ́ọ̀dù. Rọ́bà kì í ṣe irin. Bí wọ́n bá ti ń da oje gbígbóná sí i, tí wọ́n ń fà á ya kúrò lára ère, ó ń gbó ni. Etí rẹ̀ ti ń ya, àwọn ìlà inú àtàǹpàkò náà sì ti ń fẹ́ parẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Oníná, tó máa ń fi gílóòbù wẹ́wẹ́ sínú ọkọ̀ òfurufú àwọn ẹgbẹ́, gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ọ̀kan nínú àwọn ère ṣe mọ́ọ̀dù tuntun. Ó ṣe é. Ṣùgbọ́n oje máa ń súnkì díẹ̀ bó bá ń gan, ẹ̀dà tí wọ́n bá sì yọ lára ẹ̀dà máa ń kéré sí i. Ọ̀gákọ̀ tó jáde rí tínńtín, àtàǹpàkò ọrùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé. Aṣeyín fi òòlù fọ́ ọ, ó sì kó àfọ́kù rẹ̀ síta kó tó dúró mí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níwèé, máa ń wá wò ó lọ́jọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ kan ó mú ọmọ tirẹ̀ dání. Ọmọ náà sáré wọ yàrá iṣẹ́ kí wọ́n tó lè dá a dúró. Ó dúró sójú kan, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá bi bàbá àgbà rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Kí la fi ṣẹ̀ wọ́n?" Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti dé ìkóríta, ọmọ náà á jókòó sílẹ̀, á ní òun ò lọ.

Ìyá rẹ̀ wá bá Aṣeyín sọ ọ́ ní ojú ọ̀nà tó tọ́. Ó ní ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan, pé yàrá ti wà fún un nílé òun, àga àti tábìlì iṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ní kó kó gbogbo ohun tó bá wù ú, àmọ́ àwọn obìnrin tó kẹ̀yìn síni yẹn ò ní bá wọn lọ. Aṣeyín sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló wà lára wọn, ṣé kí òun fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún eku ni? Ọmọ rẹ̀ la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n fà á bọ̀, kí Aṣeyín tó gbà nígbẹ̀yìn. Ó ní òun á lọ, òun á sì fi gbogbo ère sílẹ̀, bí òun bá ti yọ ọwọ́ ìyàwó òun kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà tó fẹ́ gbà yọ ọ́, iṣẹ́ eyín ló ti kọ́ ọ. Ihò ni ohun tó wà lọ́rùn ère. Bí wọ́n bá tẹ ìda tó yọ́ sínú ihò, tí ìda náà sì tutù, ohun tí wọ́n máa yọ jáde ni àtàǹpàkò gan-an, tó dìde, tó ní ara, tí èèyàn lè dì mú. Á fi oje eyín ṣe é, oje tí kì í bàjẹ́ lẹ́nu èèyàn títí wọ́n á fi sin ín. Ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀. Mọ́ọ̀dù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán, nítorí náà ó ṣa ère tí ìlà rẹ̀ mọ́ jù lọ, ó ní kí ọmọ rẹ̀ wá kó lè ṣojú àwọn méjèèjì.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tó dé. Aṣeyín ti fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ tó mọ́. Ó yọ́ ìda pupa lórí iná kékeré, ó kán an sínú ihò ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fi omi tútù sí i. Nígbà tí ìda gan, ó fi ọ̀bẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ó yọ ọ́, ó sì di àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí láìwò ó. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rí i.

"Gbà," ló wí. "Ọwọ́ ìyá ẹ nìyẹn. Dì í mú."

Ọmọ rẹ̀ gbà á. Ó wò ó, ó sì pa ọwọ́ dé lé e lórí kíá. Ó ní ẹ ṣeun, Bàámi, ohùn rẹ̀ kò sì dún bí ohùn ẹni tó ń dúpẹ́. Ó fa áńkáṣíìfù jáde nínú báàgì, ó ń wé e. Aṣeyín rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, inú rẹ̀ sì dùn sí i, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní kó gbé e wá ná, pé etí rẹ̀ kò dán. Ọmọ náà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Aṣeyín na ọwọ́. Ó bi í bóyá ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ sá lọ ni. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n kankan dá sí i mọ́, ọmọ náà tú áńkáṣíìfù.

Aṣeyín gbé e lọ sójú fèrèsé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìlà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí àtàǹpàkò náà. Ìlà yẹn kò ṣàjèjì sí i. Ó ti ń rí i nínú gbogbo ihò ọrùn láti ọdún pípẹ́, ó rí bí ògiri tín-ín-rín níbẹ̀, ó sì máa ń rò pé rọ́bà ló ya. Ó mú ọ̀bẹ kékeré láti fi ìda dí i. Ọ̀bẹ náà wà láàárín ìka rẹ̀ àti àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tó dúró. Lórí àtàǹpàkò tirẹ̀ yẹn ni àpá kan wà, ibi tí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti là á nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ìda sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Láti ọjọ́ yìí wá, ojú òdì ihò ló ń wò. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i bó ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

"Tèmi ni," ló wí.

Ọmọ rẹ̀ ká áńkáṣíìfù pọ̀. Kò sì yà á lẹ́nu, èyí sì ni Aṣeyín rí lójú rẹ̀.

"O mọ̀."

Ó ní òun mọ̀. Nígbà tí òun ṣì wà nílé ìwé ni òun bi ìyá òun ìdí tí kò fi mọ amọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé Ọ̀gákọ̀ kan tí wọn ò tíì dí ọrùn rẹ̀, ó fi ìlà náà hàn án, ó ní kó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ dáadáa bó bá ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wò ó, ó sì rí i. Aṣeyín ló di ọrùn mú nígbà tó ń tún un yẹ̀ wò, òun ló fi ọwọ́ ba ohun tí ìyàwó rẹ̀ mọ tó dán. Ọmọ náà fẹ́ sáré lọ sọ fún un. Ìyá rẹ̀ fà á láṣọ padà.

"Ó ní, 'Má sọ fún un. Lọ́jọ́ tó bá fojú ara ẹ̀ rí i, ó máa wá bẹ̀ mí. Mo fẹ́ jókòó, kí n gbọ́ ọ.'"

Aṣeyín bi í bóyá ìyá rẹ̀ bínú. Ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀rín ló fi ń ṣe níbẹ̀rẹ̀, pé nígbà tó yá kò fi ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó hàn pé nǹkan kan ṣì kù, ó sì hàn pé kò fẹ́ sọ ọ́.

"Sọ ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ní ọsibítù, nígbà tí kò lè dìde mọ́, ó bi mí bóyá ẹ ti rí i."

Aṣeyín di etí tábìlì mú. Ọmọ náà wá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu òun lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n òun rí i pé àwọn ère yẹn ló ń jẹ́ kó rí oorun sùn, kí ni òun ì bá ti wí? Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ń wo yàrá yí ká. Ó ti gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tó ti kú, ó ti bá a sọ̀rọ̀, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láràárọ̀, obìnrin náà kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dì mú. Ilé náà wá pa rọ́rọ́, ẹ̀rù tí kò bà á rí láti ìgbà tó ti ń gbọ́ oríṣiríṣi níbẹ̀ wá bà á.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mo ṣẹ̀. Ọwọ́ ìyá ẹ kò wúwo. Bá ìyá ẹ gbà á, jọ̀wọ́. Sọ pé o gbọ́."

Omi ń dà lójú ọmọ náà. Ó mi orí.

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀, Bàámi," ló wí. Ó fa àga kan sún mọ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì jókòó tì í.